Alágbẹ̀dẹ Ìṣó Tó Di Oníṣòwò Irúgbìn: Ìgbésí Ayé Grant Thorburn ní New York

Mo kí ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó. Mo kí ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, mo sì kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ onísọ̀ kan ni mo gbé wá lónìí. Bí wọ́n bá ní ká dárúkọ ọmọ Scotland tó lọ là sí Amẹ́ríkà, Andrew Carnegie ni ọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ rántí, nítorí owó irin rẹ̀ àti àwọn ilé ìkàwé tó kọ́ káàkiri. Èmi ò ní bá Carnegie lọ. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dé New York ní ọdún mọ́kànlélógójì kí wọ́n tó bí Carnegie. Ó kúrú, ó tín-ín-rín, kò sì sí nǹkan gúnmọ́ lápò rẹ̀. Grant Thorburn lorúkọ rẹ̀. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ìdí ìsọ̀ ló ti rí owó, ìgbà tó sì kúrò nídìí ìsọ̀ ni owó náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó yẹ ká wo bó ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1773 ni wọ́n bí i, nítòsí ìlú Dalkeith tí kò jìnnà sí Edinburgh. Iṣẹ́ ìṣó ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, òun náà sì kọ́ ọ. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yẹn o. Alágbẹ̀dẹ ìṣó á ti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iná títí ẹnu rẹ̀ á fi pọ́n. Á fà á yọ, á fi ọmọ owú lù ú títí á fi ṣóńṣó, á gé e níwọ̀n, á kì í bọ inú ihò irin kan, á wá lu èyí tó yọ síta lókè kó lè ní orí. Ìṣó kan ṣoṣo nìyẹn, irin náà ò sì gbọdọ̀ tíì tutù tí gbogbo rẹ̀ á fi parí. Thorburn fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti rọ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ lọ́jọ́ kan, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tí ara rẹ̀ kéré bẹ́ẹ̀ ni o.

Nígbà tó di ọ̀dọ́, ìlú gbóná. Ìyípadà ńlá ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Scotland sì ti ń péjọ láti bèèrè pé kí àwọn náà lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ìjọba ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1793, wọ́n dájọ́ fún agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Thomas Muir pé kí wọ́n gbé e lọ sí Australia fún ọdún mẹ́rìnlá, kìkì nítorí pé ó ṣáájú nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Thorburn wà lára ẹgbẹ́ yìí ní Dalkeith, ìjọba sì ti ń wò ó. Ní ọdún 1794, òun àti arákùnrin rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, wọ́n ti gúnlẹ̀ sí New York.

Ìlú wo ni wọ́n bá níbẹ̀? Ní ọdún 1790, nǹkan bíi 33,000 èèyàn ló ń gbé New York. Nígbà tó fi máa di 1800, wọ́n ti lé ní 60,000. Ìlú tó bá ń yára dàgbà báyẹn, ilé kíkọ́ kì í dáwọ́ dúró níbẹ̀, ilé tí wọ́n bá sì ń kọ́, ìṣó ni wọ́n fi ń kàn án. Àwọn ọmọ alágbẹ̀dẹ méjì yìí rí iṣẹ́.

Ohun kan wà tí mi ò lè fò kọjá, nítorí ó kan àwa tí a jókòó síbí. Nínú ìlú yẹn kan náà, ní àkókò yẹn kan náà, àwọn èèyàn dúdú tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ló wà lóko ẹrú. Ọdún 1799 ni ìpínlẹ̀ New York ṣòfin pé kí wọ́n máa dá àwọn ọmọ ẹrú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọdún 1827 ni oko ẹrú sì tó parí pátápátá níbẹ̀. Thorburn dé láìní owó, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òun ló ni ọwọ́ ara rẹ̀. Ó lè gba ilé, ó lè ṣí ìsọ̀, ó lè jẹ gbèsè kó sì san án, ó lè fi ọjà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó wá láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n ń ru ẹrù kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ò ní èyíkéyìí nínú ìyẹn. Bí a bá ń yin ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa rántí pé ìsàlẹ̀ tiẹ̀ wà lókè ìsàlẹ̀ àwọn ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ ìṣó ò pẹ́. Ní ọdún 1795, Jacob Perkins gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tó ń gé ìṣó, kì í sì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kì í sinmi, owó ìṣó sì já wálẹ̀ débi pé kò sí ọwọ́ ọmọ èèyàn tó lè bá a du. Iṣẹ́ tí ọmọkùnrin yìí fi ń yangàn láti kékeré di iṣẹ́ tí ò lè bọ́ ilé mọ́. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ó ti fẹ́ ìyàwó tó ń jẹ́ Rebecca ní 1797, tọkọtaya náà sì ní ìsọ̀ kékeré kan ní òpópónà Nassau, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun tí àwọn ará àdúgbò ń lò nínú ilé.

Ìgbà yìí ni ibà pọ́njú wọ ìlú. Ọdún 1798 ni. Àwọn tó lágbára sá lọ sí Greenwich, tó jẹ́ abúlé nígbà náà. Ó lé ní 2,000 èèyàn tó kú láàárín oṣù mélòó kan. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé àìsàn náà kiri. Ó ku ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó fìdí ìyẹn múlẹ̀ ní Cuba. Thorburn àti Rebecca ò sá. Wọ́n ń wọlé tọ àwọn aláìsàn, wọ́n ń tọ́jú wọn, wọ́n sì ń ṣe ohun tó yẹ fún àwọn tó kú. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọkùnrin yìí, èyí ni mo bọ̀wọ̀ fún jù, obìnrin náà ló sì yẹ ká kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún, nítorí ọmọ New York ni, ó sì lè rí ibi sá sí. Rebecca kú ní 1800, ó fi ọmọ kékeré sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Thorburn fẹ́ ìyàwó mìíràn lẹ́yìn náà.

Ìsọ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọkùnrin kan tó lówó jù ú lọ ṣí ìsọ̀ ńlá sí igun títì nítòsí rẹ̀, ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń tà, ó sì ń kó oníbàárà rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí o bá ní kí o bá a já owó wálẹ̀, owó tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tán. Thorburn wá ń wo ohun tí àwọn tó ń kọjá ń rà. Ó rí i pé àwọn obìnrin ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń gbin òdòdó sí, tí wọ́n ń gbé sójú fèrèsé. Ó ra díẹ̀. Ìkòkò náà pupa bí amọ̀ ṣe máa ń pupa, kò sì yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ló bá mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kun wọ́n, ó tò wọ́n síwájú ìsọ̀. Wọ́n rà á tán. Ó kun òmíràn, ìyẹn náà tán.

Lọ́jọ́ kan ó ń gba inú ọjà kọjá. Fly Market ni wọ́n ń pe ọjà náà, nísàlẹ̀ Maiden Lane, létí omi. Ó rí ọkùnrin kan tó gbé ewéko tà. Ó fọwọ́ pa ewé rẹ̀, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dùn bí òórùn òdòdó róòsì. Ó bèèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n ní geranium ni. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun ò mọ nǹkan kan nípa ewéko nígbà yẹn. Ó ra ẹyọ kan, kì í ṣe pé ó fẹ́ tà á. Ó fẹ́ fi í sínú ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò rẹ̀ ni, kí àwọn tó ń kọjá lè rí bí ìkòkò ṣe máa ń dára tó bí nǹkan bá wà nínú rẹ̀. Oníbàárà kan wọlé, ó wo ìkòkò, ó wo ewéko, ó sì ra méjèèjì pa pọ̀. Thorburn padà lọ sọ́jà, ó ra ewéko méjì. Wọ́n tún rà á.

Ẹ wò ó, kò sí ètò kankan nínú rẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí oníbàárà ra ohun tí kò retí pé wọ́n máa rà, kò sọ fún un pé, “Èyí ò sí fún títà.” Ó gbà pé oníbàárà ló ń fi ọ̀nà hàn òun, ó sì tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí ẹni kan tún fi bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ní irúgbìn. Kò ní. Ó mọ ẹni tó ní, ìyẹn George Inglis, olùtọ́jú ọgbà kan tó ń gbin nǹkan, tó sì máa ń kó o wá sọ́jà. Inglis ní irúgbìn díẹ̀ nílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Thorburn ṣe sọ ọ́, dọ́là 15 ló fi ra gbogbo rẹ̀. Àwọn méjèèjì wá ṣàdéhùn: Inglis á máa gbin irúgbìn lóko, Thorburn á máa tà á ní ìsọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀ irúgbìn tó lókìkí jù ní New York ṣe bẹ̀rẹ̀.

Thorburn fẹ́ràn láti máa sọ pé Ọlọ́run ló fi ewéko kan gbé òun ga. Onígbàgbọ́ ni, mi ò sì ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí á dá orúkọ Inglis mú dáadáa. Orúkọ Thorburn ló wà lára pátákó ìsọ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ẹni tó mọ bí irúgbìn ṣe ń di irúgbìn, tó mọ ìgbà tí a ń kó o àti bí a ṣe ń gbẹ ẹ́, ó wà lóko. Ìtàn àwọn oníṣòwò ńlá kún fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí pé a kì í sábà gbọ́ orúkọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ọjà irúgbìn fúnra rẹ̀, torí ó le ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹni tó ń ta gàrí, oníbàárà lè bù ú sẹ́nu kó tó sanwó. Irúgbìn ò rí bẹ́ẹ̀. Irúgbìn àlùbọ́sà tó ti kú àti èyí tó ṣì yè, ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lórí káńtà. Irúgbìn àlùbọ́sà kì í pẹ́ kó tó kú, ọdún kan tàbí méjì ti pọ̀ fún un, nígbà tí ti kùkúḿbà lè pa mọ́ fún ọdún márùn-ún. Ẹni tó bá rà á á gbìn ín, á dúró, ìgbà tí ilẹ̀ ò bá sì yọ nǹkan kan ló tó máa mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, àkókò gbíngbìn ọdún yẹn sì ti kọjá nìyẹn. Lásìkò yẹn, láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ irúgbìn ti ń wá sí Amẹ́ríkà, tí á fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ wà nínú ọkọ̀ tó kún fún ọ̀rinrin. Nítorí náà, orúkọ rere ni oníṣòwò irúgbìn ń tà gan-an. Thorburn mọ èyí. Ní 1812, ó tẹ ìwé kan jáde tó to àwọn irúgbìn tó ní, pẹ̀lú ìtọ́sọ́nà nípa ìgbà tí ó yẹ ká gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Landreth ti ń ta irúgbìn ní Philadelphia ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní New York, Thorburn ni gbogbo ojú ń wò.

Ẹnì kan lè rò pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ á máa bá gbogbo èèyàn rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Nínú ìjọ Presbyterian àwọn ọmọ Scotland ní òpópónà Cedar, òun ló máa ń dá orin Sáàmù. Nígbà tí Thomas Paine padà sí Amẹ́ríkà ní 1802, tí àwọn onígbàgbọ́ ń sá fún un nítorí ohun tó kọ nípa Bíbélì, Thorburn lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìwé Paine wà lára ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń kà ní Scotland nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó kọ ọ́. Ìjọ bínú. Wọ́n ní kó má dá orin mọ́ fún oṣù mẹ́ta.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú. Bí ọjà ṣe ń gbòòrò, Thorburn rò pé kò yẹ kí òun máa ra irúgbìn lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. Ó gba ilẹ̀ sí Newark, ní New Jersey, lódìkejì odò Hudson, kó lè máa gbin tirẹ̀. Ó jọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ẹni tó bá ti gbin nǹkan fún irúgbìn rí á mọ ibi tí wàhálà wà. Kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà kì í so irúgbìn lọ́dún tí a gbìn wọ́n. Ó di ọdún kejì. Láàárín ọdún méjì yẹn, owó alágbàṣe ń lọ, owó ajílẹ̀ ń lọ, ilẹ̀ ò sì mú kọ́bọ̀ wálé. Oríṣi kábéèjì méjì tó bá sún mọ́ra á gba ìyẹ̀fun òdòdó ara wọn, irúgbìn wọn á sì dàrú. Iṣẹ́ Inglis ni gbogbo èyí, kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin tó kọ́ ìṣó, tó wá kọ́ ìsọ̀. Ní nǹkan bíi 1813, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Gẹ̀ẹ́sì jagun, okòwò Thorburn dojú dé. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Ó jẹ gbèsè, ó sì ní ìdílé tó ń bọ́.

Mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń pe ìyẹn ní ìwọra. Kò sí ohun tó burú nínú kí oníṣòwò fẹ́ máa ṣe ọjà tó ń tà fúnra rẹ̀. Àṣìṣe tí mo rí níbẹ̀ ni pé ó kúrò níbi tí ó ti ń gbọ́ ohùn oníbàárà. Ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ nǹkan á wá sọ fún un lórí káńtà. Ní Newark, ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, kò sì gbọ́ èdè ilẹ̀.

Ó padà sí New York, ó tún ìsọ̀ ṣí. Orúkọ rẹ̀ ò tíì bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú ọgbà, ìyẹn ló sì gbà á. Ìlú náà ti di ìlú tó lé ní 120,000 èèyàn ní 1820, àwọn olówó tuntun ń kọ́lé, wọ́n sì ń fẹ́ ọgbà. Ní 1826, ìjọ Quaker ta ilé ìpàdé wọn ní òpópónà Liberty, Thorburn ló sì rà á. Ilé tí àwọn èèyàn ti máa ń jókòó jẹ́jẹ́ láti gbàdúrà di ìsọ̀ irúgbìn àti òdòdó, ilé gíláàsì wà níbẹ̀ fún ewéko, ẹyẹ ń kọrin nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń wá síbẹ̀ kìkì láti wòran, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì ra nǹkan kí wọ́n tó lọ. Ohun tó ṣe pẹ̀lú ìkòkò kan ní ojú fèrèsé nígbà àkọ́kọ́, ó fi odindi ilé ṣe é báyìí.

Òkìkí rẹ̀ kọjá òkun. Ní 1830, òǹkọ̀wé ọmọ Scotland kan fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe ìwé ìtàn-àròsọ, ó fún ẹni inú ìtàn náà ní orúkọ Lawrie Todd, Thorburn sì gba orúkọ yẹn tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ń fi í kọ̀wé sí ìwé ìròyìn. Ní 1833 ó padà lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí, ó sì kọ ìwé nípa ìrìn àjò náà nígbà tó dé. Ó kọ ìwé nípa ara rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bàbá tó fẹ́ràn ìtàn ni, ìtàn náà sì máa ń dùn sí i bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́dún dé ọdún, nítorí náà ẹ máa fi sùúrù gba àwọn nọ́ńbà tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ ìtàn ilé Liberty kò gbára lé ẹnu rẹ̀ nìkan. Àwọn ará ìlú New York mọ ilé náà.

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ kì í ṣe ní ibì kan. Ó gbé ní Astoria, lódìkejì odò, níbi tó tún ti ní ọgbà. Ó lọ sí Winsted, ní Connecticut. Ó wá kú sí New Haven ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 1863, ó ku oṣù kan kó pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ti fi ìsọ̀ lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ tipẹ́tipẹ́. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe ilé iṣẹ́ náà nígbà tó yá ni J. M. Thorburn & Co., ó sì ń ta irúgbìn ní New York títí wọ inú ọ̀rúndún ogún. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tẹ ìwé tó ń to orúkọ irúgbìn jáde, irú èyí tí bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1812. Àwọn ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà ṣì tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó ń tún ọgbà àtijọ́ ṣe, àti àwọn tó ń wá oríṣi ẹ̀fọ́ tí a ò gbìn mọ́, inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń wá ohun tí àwọn èèyàn ń gbìn nígbà náà àti iye tí wọ́n ń rà á.